Nọ́ńbà Fáàsì Lọ́yà Dàpọ̀

Nínú gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ tí ọmọ aráyé fi ń bu ẹwà kún ara wọn, mi ò tíì rí èyí tó níyì tó nọ́ńbà fáàsì. Wúrà lè sọnù, léèsì lè ṣá, ọkọ̀ ńlá lè kú sójú títì kí àwọn ọmọ kéékèèké máa fi ọ̀gá ṣẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tẹ “Fáàsì” sábẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí bébà lẹ́tà, tó sì to nọ́ńbà mẹ́ta tẹ̀ lé e, onítọ̀hún ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tí à ń kí ní “báwo ni”. Ẹ má ṣe bi í pé ẹ̀rọ náà dà. A kì í ṣí adé lórí ọba wò.

Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe lẹ́yìn tí mo jáde ní yunifásítì ló fi èyí hàn mí. Ìmọ̀ ọgbọ́n orí ni mo kà, oyè tó dára gan-an fún ẹni tí kò bá ní in lọ́kàn láti jẹun. Bọ̀dá Ganíyù, ọmọ agboolé kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló gbà mí sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà rẹ̀, ṣọ́ọ̀bù tóóró kan tí a ti ń tẹ̀wé, tí a ti ń ṣe fọ́tòkópì, tí a sì ti ń bá àwọn èèyàn fi fáàsì ránṣẹ́. Mo dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Gíràdúéètì, ṣé wọ́n ń ṣègbéyàwó níbì kan ni?”

“Rárá, sà. Iṣẹ́ ni mo wá.”

“Tú u. Tó bá kó sínú ẹ̀rọ yìí, Lọ́ńdọ̀nù lo ti máa lọ mú ọrùn ẹ.”

Fún àwọn tí kò bá ẹ̀rọ fáàsì láyé, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ ó ki ìwé bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ ó tẹ nọ́ńbà ẹni tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, bí ìgbà tí ẹ bá ń pe tẹlifóònù. Ẹ̀rọ tiyín àti tọ̀hún á wá máa súfèé síra wọn bí àna méjì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé. Bí wọ́n bá gbọ́ra wọn yé, ẹ̀dà ìwé yín á jáde lọ́hùn-ún, tiyín á sì wà lọ́wọ́ yín síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ yín á pọ ìwé pélébé kan jáde, tó ń sọ nọ́ńbà tí ẹ pè, iye ojú ìwé tó lọ, àti ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nísàlẹ̀: Òkéè. Ẹ̀rí là ń pe pélébé yẹn. Àwọn lọ́yà fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé gan-an lọ. Lọ́yà lè gbàgbé ìwé àdéhùn ilé alájà mẹ́rin sórí káńtà wa, kò jẹ́ gbàgbé ẹ̀rí. Bọ̀dá Ganíyù a máa sọ pé fáàsì tí kò lẹ́rìí, ìrun tí kò ní àlùwàlá ni.

Mi ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà nígbà tí Ìyá Mùsílí wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ẹ̀wà àti ata gbígbẹ ló ń tà lọ́jà Sandgrouse, nínú ṣọ́ọ̀bù tí ìyá rẹ̀ ti tajà kó tó kú. Ìwé méjì ló mú wá. Èkíní ni ìwé àdéhùn tuntun lórí ṣọ́ọ̀bù náà. Ó ti buwọ́ lù ú, ó fi lẹ́tà ilé kéwú kọ orúkọ rẹ̀, ó sì rẹwà. Èkejì ni lẹ́tà Lọ́yà Dàpọ̀, agbẹjọ́rò onílé. Lọ́yà náà ní ìwé tí a ti buwọ́ lù gbọ́dọ̀ dé ọ́fíìsì òun nípasẹ̀ fáàsì nìkan, pẹ̀lú ẹ̀rí, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, onílé lè gbé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ó ní ọ́fíìsì òun kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àdírẹ́sì tó fi síbẹ̀, nọ́ńbà àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni, èèyàn ò sì lè lọ kan ilẹ̀kùn àpótí. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fáàsì mẹ́ta wà lókè lẹ́tà náà, wọ́n fi yíǹkì wúrà tẹ̀ wọ́n.

“Ọmọ mi,” Ìyá Mùsílí ní, “ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù ti ń wọn ògiri mi. Mo jókòó síbẹ̀ lánàá tó ń fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n gbẹ́sẹ̀ díẹ̀.”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n ní.”

Mo pe èkíní. Wọ́n gbé e, ẹ̀rọ wa bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

“Ta ló ń súfèé sí mi létí?” Ohùn ìyá àgbàlagbà kan ni.

Mo sáré gbé fóònù. “Ẹ má bínú, mà. Fáàsì la fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì Lọ́yà Dàpọ̀.”

“Ọ́fíìsì wo? Pópó Àgùdà nìbí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀.”

“Ṣé kò sí ẹ̀rọ kankan lọ́dọ̀ yín, mà?”

“Ẹ̀rọ ata wà. Ṣé ẹ fẹ́ lọta ni?” Ó tún ní, “Tẹ́ ẹ bá rí Dàpọ̀, ẹ bá mi kí i. Ó ti pẹ́ tó ti yà síbí.”

Mo pe èkejì, ohùn obìnrin kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ sọ fún mi pé kò sí nọ́ńbà tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo pe ẹ̀kẹta. Gbì, gbì, gbì: ẹnì kan wà lórí láìnì náà. Mo dúró, mo tún un pè. Gbì, gbì, gbì. Mo pè é títí ìka mi fi mọ̀ ọ́n sórí.

“Èèyàn ńlá ni wọ́n, mà,” mo ṣàlàyé fún Ìyá Mùsílí. “Ó jọ pé gbogbo ayé ló ń fìwé ránṣẹ́ sí wọn.”

Kí n má purọ́, ọ̀wọ̀ lọ́yà náà ti ń wọ̀ mí lára. Ìyá Mùsílí fa tẹ̀súbáà rẹ̀ yọ, ó ń kà á jẹ́jẹ́, ó sì ń wo oòrùn tó ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

Mo bọ́ síta kí n gba atẹ́gùn. Mo gbójú sókè sí pátákó wa, èyí tí mo máa ń nù láràárọ̀. Nọ́ńbà fáàsì wa wà níbẹ̀. Mo wo lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi, mo tún wo òkè. Ọ̀kan náà ni. Láti ọ̀sán ni mo ti ń fi ẹ̀rọ wa pe ara rẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ti ń dá mi lóhùn bó ṣe yẹ: ọwọ́ òun dí, òun ń pe ẹnì kan.

Bọ̀dá Ganíyù ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Mo fi lẹ́tà hàn án. Kò yà á lẹ́nu rárá.

“Òun náà wà lára wọn nìyẹn. Àwọn lọ́yà tí ọ́fíìsì wọn wà nínú páálí yẹn ò kéré.” Ó fẹsẹ̀ fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, fáàsì oníkálukú kún inú rẹ̀. “Tí wọ́n bá rántí, wọ́n á wá yẹ̀ ẹ́ wò.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ju tèmi náà sí i,” Ìyá Mùsílí ní. “Ó ti débẹ̀ nìyẹn.”

“Ìyá, ẹ̀rí ńkọ́? Ẹ̀rọ ò lè jẹ́rìí fún ara ẹ̀.”

Ó ku ọ̀nà kan, Bọ̀dá Ganíyù kò sì fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Àǹtí Fúnkẹ́ náà ní ẹ̀rọ fáàsì ní òdìkejì títì, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀gá mi kì í kíra wọn láti ìgbà tí Àǹtí Fúnkẹ́ ti kun pátákó tirẹ̀ ní àwọ̀ ewé bíi tiwa. Ọ̀gá mi ha irùngbọ̀n. Ó wo ojú Ìyá Mùsílí.

“Ẹ lọ bá a. Ẹ má sọ pé èmi ni mo rán yín.”

Àǹtí Fúnkẹ́ rí wa, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. “Gíràdúéètì. Ṣé ẹ̀rọ ọ̀gá yín ti kú ni?”

“Rárá, mà. Ó ń retí fáàsì ni.”

“Láti ibo?”

“Láti ibí, mà.”

Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó ní òun ò ní tẹ nọ́ńbà kan tí òun ò bá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá Mùsílí fúnra rẹ̀ ló rò ó fún un, títí kan téèpù tí wọ́n fi wọn ògiri. Nígbà tó gbọ́ ti téèpù ló dìde. Ó tẹ nọ́ńbà wa láìwo ìwé. Mo gbọ́ bí ẹ̀rọ wa ṣe dún lódìkejì títì, mo rí ọ̀gá mi tó dúró tì í bí ẹni ń gbẹ̀bí. Àwọn ẹ̀rọ náà súfèé, wọ́n kí ara wọn dáadáa ju àwọn olówó wọn lọ. Pélébé jáde. Òkéè. Ìyá Mùsílí dì í mọ́ etí ìró rẹ̀.

Ó ní dandan ni kí n bá òun lọ sí Sandgrouse láàárọ̀ ọjọ́ kejì. A bá Alhaji onílé níwájú ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú àgádágodo, Lọ́yà Dàpọ̀ nínú kóòtù tó nípọn, àti ọlọ́jà fóònù pẹ̀lú téèpù rẹ̀.

“Ìyá, ẹ ó foríjì wá,” lọ́yà ní. “Ọ́fíìsì mi ò rí fáàsì kankan gbà. Òfin lòfin.”

Ìyá Mùsílí tú etí ìró, ó fi pélébé lé Alhaji lọ́wọ́. Alhaji wọ awò ojú.

“Dàpọ̀, nọ́ńbà ọ́fíìsì ẹ kọ́ nìyí?”

Lọ́yà Dàpọ̀ wo pélébé náà. Bó bá ní fáàsì náà kò dé, ó ní láti sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé òun ò ní ẹ̀rọ. Bó bá ní òun ní ẹ̀rọ, fáàsì ti dé. Òógùn bọ́ láti abẹ́ irun rẹ̀ wá sínú kóòtù.

“Nọ́ńbà wa ni, sà.”

“Wọ́n kọ Òkéè síbí.”

“Ó… ó ti dé, sà. Ó jọ pé sẹ́kẹ́tírì mi ló gbé e sórí tábìlì mi lánàá. Iṣẹ́ ló pọ̀.”

Alhaji ju àgádágodo sápò. Ọlọ́jà fóònù ká téèpù rẹ̀. Ìyá Mùsílí ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó mú ìgbálẹ̀.

“Lọ́yà,” ó ní, “ẹ bá mi kí sẹ́kẹ́tírì yín o.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Lọ́yà Dàpọ̀ yọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó ti bọ́ kóòtù.

“Àbúrò, ó jọ pé fáàsì kan wà fún mi.”

Mo yọ ọ́ nínú páálí, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. “Ìyá Mùsílí ní kẹ́ ẹ kí èmi sẹ́kẹ́tírì yín, sà. Ẹ̀gbọ́n ìyá yín ní Pópó Àgùdà sì ní kí n kí yín.”

Ó dúpẹ́. Kí ni ì bá tún ṣe?

Ibi tí Bọ̀dá Ganíyù ti ń fi fáàsì ránṣẹ́, ojú fóònù tó fọ́ ni wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ báyìí. Ọmọbìnrin Ìyá Mùsílí ló ń ta ẹ̀wà ní ṣọ́ọ̀bù Sandgrouse. Mo ti fi ìtàn lọ́yà yìí pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbi púpọ̀, ó sì ku ibì kan tí mi ò kì í sọ débẹ̀. Nígbà tí mo kúrò lọ́dọ̀ Bọ̀dá Ganíyù láti dá dúró, mo lọ tẹ káàdì. Yàrá kan ni mo ní, tábìlì kan, àga kan. Mi ò ní tẹlifóònù. Onítẹ̀wé wo ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún un, ó ní ààyè ṣì kù nísàlẹ̀, ṣé kí òun fi nọ́ńbà fáàsì sí i.

Mo fún un ní ti Bọ̀dá Ganíyù. Mo sì ní kó fi yíǹkì wúrà tẹ̀ ẹ́.