Bí Màmá Marta Ṣe Gun Òkè ní Dallas

Lọ́jọ́ tí Màmá Marta kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, kò sọ ibi tó ń dùn ún. Fọ́tò òkè kan ló nà sí mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ìbàdí fún un ni, iṣẹ́ tèmi sì ni láti tún kọ́ ọ ní ìrìn. Ní Switzerland, níbi tí òkè náà wà, ni wọ́n ti bí i. Yìnyín bo orí òkè náà tẹ̀ẹ̀rùn tòjò, àwọn abúlé kéékèèké sì rọ̀ mọ́ ara rẹ̀. Abúlé tó ga jù ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń gbé. Ara ẹ̀gbọ́n ò le mọ́, kò lè sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ò sì lè dé ibẹ̀. Màmá fẹ́ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gòkè lọ fojú kàn án kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Inú èmi ọmọ Ìdànrè dùn pé iṣẹ́ òkè ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Àmọ́ Dallas tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ilé alájà mẹ́rin tí a ń gbé mọ́tò sí ní ọsibítù la sọ di òkè. Màmá á gbé báàgì kọ́ èjìká, bó ṣe máa gbé e lọ́hùn-ún, èmi á di bẹ́líìtì tí mo so mọ́ ọn nídìí mú kó má baà ṣubú.

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, Màmá ò kọjá àjà kejì. Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá Kúnlé, ọ̀gá mi tó jẹ́ ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tẹ̀lé wa. Ó rí i pé bí Màmá bá ti mí kanlẹ̀ báyìí, mo ti gba báàgì, mo ti fi èjìká gbé e ró. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, ṣé ó lè máa wo àgbà lábẹ́ ẹrù?

"Bọ́lá, home training ẹ dáa gan-an," ni Bọ̀dá wí. "But ìwọ lò ń gun òkè yìí, kì í ṣe Màmá. Ṣé o máa bá wọn lọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí òótọ́ ni. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kan wà lára bẹ́líìtì, mo ká ìkejì sẹ́yìn. Kò rọrùn rárá. Bí ìyá mi bá rí mi, yóò bú mi. Màmá náà bínú, ó ní mo ti ń yájú. Ìbínú ọ̀hún ló gbé e dé àjà kẹta. Kí ooru Dallas tó mú gan-an, ó ti dé òrùlé, ó ń wo títì freeway nísàlẹ̀ bí ẹni tó ni ín.

Ó lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi fídíò pè mí. Òkè inú fọ́tò wà lẹ́yìn rẹ̀, funfun báláú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Ó ní àwọn ará abúlé ìsàlẹ̀ fẹ́ bá òun gbé báàgì gòkè.

Mo bi í pé, "Kí lẹ wá sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n káwọ́ sẹ́yìn."