Ọdún Tí VAT Ká Mi Mọ́ Inú Bàtà

Òórùn bàtà tuntun ò jọ òórùn mìíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo mú ọmọ mi obìnrin lọ ra bàtà iléèwé ní Rye Lane, nílùú òyìnbó níbí. Bí wọ́n ṣe ṣí páálí, tí òórùn awọ àti gúlúù gbà mí nímú, ṣe ni mo dúró sójú kan. Ọmọ mi ti yọ fóònù, ó ń fi wá iye tí VAT kó nínú owó bàtà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti rí i. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ayé yín mà rọrùn o! Orí la fi ń ṣe é nígbà tiwa, ẹni tó bá sì ṣì í, ojú ẹ̀ á rí nǹkan.

Fúláàtì kánsù kan, ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, ní Peckham ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Láàárọ̀ kùtù, Mummy á lọ tún ọ́fíìsì ṣe. Tó bá di Sátidé, wọ́n á pàtẹ aṣọ ọmọdé lọ́jà East Street, ní Walworth. Ilé ńlá kan wà tí àwọn oníṣòwò ti ń ra ọjà lópòó, ibẹ̀ ni Mummy ti ń ra tiwọn, èmi ni mo sì máa ń ti tróólì. Níbẹ̀, owó tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni owó tí ẹ máa san. VAT, owó orí tí ìjọba ń bù lé ọjà, ò sí nínú ẹ̀. Ìdí káńtà ló ti máa ń jáde sí èèyàn. Ẹni tí ò mọ̀ á kó ẹrù débẹ̀ tayọ̀tayọ̀, á wá máa dá a padà níkọ̀ọ̀kan.

Irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí Mummy rí. Ìdá mẹ́tàdínlógún àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT nígbà náà. Ẹ ò rí i pé ìṣirò ìyà ni? Ṣùgbọ́n wọ́n mọ ọgbọ́n ẹ̀: mú ìdá mẹ́wàá, pín in sí méjì kó di márùn-ún, tún ìyẹn pín sí méjì kó di méjì àbọ̀, kó o wá ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. "Mẹ́wàá, ìdajì ẹ̀, ìdajì ìdajì ẹ̀." Wọ́n á máa kà á lẹ́nu láàárín ọjà bí ẹni ń fa tẹ̀sùbáà.

Ìrẹsì ò ní VAT, iṣu ò ní. Ṣokoléètì àti mínírà ní. Aṣọ àti bàtà ọmọdé náà ò ní, ìyẹn títí ẹsẹ̀ ọmọ á fi gùn.

Tèmi gùn. Háà! Ọdún tí mo fẹ́ wọ sẹ́kọ́ńdírì, àfi bíi pé wọ́n ń bomi rin ẹsẹ̀ mi. Ìjọba ò sì bi bàtà ní ọjọ́ orí, sáìsì ni wọ́n ń wò. Tó bá ti kọjá ibì kan, ó di ti àgbàlagbà, VAT wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ibi tí wọ́n sì fi ààlà sí fún ọmọkùnrin jìnnà ju ti ọmọbìnrin lọ. Mummy mọ èyí dunjú. Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, bàtà ọmọkùnrin ni wọ́n nawọ́ sí, dúdú, olókùn, imú ẹ̀ rí bọ̀ǹtọ̀. Ogún pọ́n-ùn.

Èyí tí mo fẹ́ wà lódìkejì. Ó ní irin kékeré kan tó ń dán, tí wọ́n fi ń dè é lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pọ́n-ùn mẹ́tàlélógún àbọ̀. Ẹ̀rù sẹ́kọ́ńdírì yẹn ń bà mí gan-an. N ò mọ ẹnì kankan níbẹ̀, mo ga ju ẹgbẹ́ mi lọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà tá a jọ ń ṣe pírámárì sì ti ń pè mí ní Bọ̀ọ̀dá. Tí mo bá wá wọ bàtà ọkùnrin wọlé lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó parí.

Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Mummy ní, "Ó dáa. Owó tí wọ́n kọ síbí, VAT ti wà nínú ẹ̀. Èló ni bàtà yìí kí VAT tó wọ̀ ọ́? Tó o bá gbà á, mo rà á."

Mẹ́wàá, ìdajì ẹ̀, ìdajì ìdajì ẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò. Mo fi ìgboyà sọ pé, "Pọ́n-ùn mọ́kàndínlógún àti pẹ́ńsì mọ́kàndínlógójì."

Mummy mirí. "O ti ṣì í. Ṣé o rò pé ọgọ́rùn-ún lo dì mú yẹn? Owó bàtà nìkan ni ọgọ́rùn-ún; VAT ti gorí ẹ̀, ó ti di ọgọ́rùn-ún àti mẹ́tàdínlógún àbọ̀. Ogún pọ́n-ùn ni bàtà. Ìdá mẹ́wàá ẹ̀, pọ́n-ùn méjì. Ìdajì, pọ́n-ùn kan. Ìdajì ìdajì, àádọ́ta pẹ́ńsì. Ro ó pọ̀."

Pọ́n-ùn mẹ́ta àbọ̀. Owó kan náà làwọn bàtà méjèèjì, àfi ti ìjọba tó wà lórí tèmi. Ẹkún bú mọ́ mi. "Mummy, ọmọbìnrin ni mí," ni gbogbo ohun tí mo lè sọ.

Mummy jókòó sórí àga tí wọ́n fi ń wọn ẹsẹ̀, wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá pe ọmọ ṣọ́ọ̀bù pé kó di èyí tó ní irin dídán.

"Ìjọba ló sọ pé o ti dàgbà," wọ́n ní. "Èmi ò tíì gbà."

Bàtà iṣẹ́ tiwọn náà la bá wá, torí èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn ti ń fa omi. Owó ọwọ́ wọn ò wá tó ti àgbàlagbà mọ́. Ẹsẹ̀ Mummy kéré. Wọ́n lọ sápá bàtà ọmọdé, wọ́n mú ọ̀kan tí wọ́n ya labalábá sí lórí, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ṣe wẹ́kú. Òun ni wọ́n wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lọ́dún yẹn. Tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bá ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á gbé ẹsẹ̀ sókè: "Ọmọ iléèwé ni mí, ẹ má yọ mí lẹ́nu!"

Ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún ni VAT báyìí, ó ti rọrùn: pín owó ara bàtà sí mẹ́fà, apá kan jẹ́ ti ìjọba. Wọ́n ti wó ilé ńlá tá a ti ń rajà, fúláàtì olówó ńlá ló wà níbẹ̀. Àmọ́ wọ́n ṣì ń ná East Street, bàtà ọmọdé ò tíì ní VAT, ẹsẹ̀ ọmọ ò sì tíì yé gùn.

Mummy ti kó lọ sí Nunhead. Ọdọọdún ni mo ń ra bàtà àgbàlagbà fún wọn, aláwọ múlọ́múlọ́. Wọ́n á gbàdúrà fún mi, wọ́n á gbé e pamọ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo lọ gbé wọn lọ sí mọ́sálásí. Bá a ṣe débẹ̀, wíwò tí mo wo ẹsẹ̀ wọn nínú mọ́tò, bàtà ọmọdé! Inú bí mi, àánú wọn sì ṣe mí.

"Mummy, owó ti wà lọ́wọ́ wa o."

"Mo mọ̀," wọ́n ní. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ tèmi. "Èyí tó o wọ̀ yẹn ńkọ́? Kò fún ẹ lẹ́sẹ̀ ṣá?"

Wọn ò tíì gbà pé mo ti dàgbà. Mo di ọwọ́ wọn mú, a jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò.