Òórùn Ìyá Wọn Nínú Èéfín

Imú ni obìnrin kan fi ń jẹun. Kì í ṣe àsọdùn: ilé-iṣẹ́ sìgá kan ló gbà á láti máa gbóòórùn ewé tábà, kó sọ èyí tó ti bàjẹ́ àti èyí tó ṣì dára. Afimújẹun làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é. Bó bá ń wọlé láàárọ̀, wọn a ní, "Afimújẹun dé o! Ẹni tí kò bá wẹ̀ lónìí kó yáa sá!" Òun náà a bú sẹ́rìn-ín.

Ó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí ojú rẹ̀ ti fọ́ láti kékeré, àti ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí òun fúnra rẹ̀ bí, tó wà nílé ìwé girama. Ìyá tó bí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú tipẹ́.

Nígbà tó yá, sìgá ò tà bíi ti àtijọ́ mọ́. Àwọn tó ń mu ún ń kú, àwọn ọ̀dọ́ ò sì rọ́pò wọn. Àwọn ọ̀gá àgbà ò pariwo. Wọ́n kàn lọ ra ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe sìgá oníbátìrì, èyí tí wọn kì í ṣáná sí, tó jẹ́ pé omi olóòórùn ló ń di èéfín nínú rẹ̀. Wọ́n kun gbọ̀ngàn kan ní funfun, wọ́n gbé Afimújẹun lọ síbẹ̀. Kò sí ariwo ẹ̀rọ, kò sí eruku tábà. Ibẹ̀ pa lọ́lọ́ débi pé ó ń gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń gbé itọ́ mì.

Ọ̀gá tuntun tí wọ́n fi síbẹ̀ kì í gbóhùn sókè, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó pè é lọ́jọ́ kan.

"Mà, òórùn wo lẹ gbọ́ rí tí ọkàn yín fi balẹ̀ jù lọ?"

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?"

"A ò fẹ́ èéfín tó ń pariwo pé èéfín lòun. A fẹ́ èyí téèyàn á fà sínú bíi pé ó ti délé."

Kó tó ronú, ó ti ń sọ ti ìyá wọn: òróró àgbọn tí wọ́n fi ń para, èèpo ọsàn gbígbẹ tí wọ́n ń kì sáàárín aṣọ, àti aṣọ náà fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ká a nínú oòrùn. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́. Ọ̀gá ní kó po òórùn náà. Ó pò ó, ó tún un pò, títí di ọjọ́ tó bojú wẹ̀yìn bíi pé ìyá wọn ló dúró síbẹ̀. Kò sẹ́nì kankan. Ọ̀gá gbóòórùn náà, ó dijú. "Òun gan-an nìyí." Wọ́n wá fi oró tábà lé e, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn lè jáwọ́.

Kò pẹ́ tí sìgá tuntun náà fi dé ìgboro. Afimújẹun wà lórí ìlà ní báńkì nígbà tí ìyá rẹ̀ dúró tì í lẹ́yìn.

"Màámi!"

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló rí, tí èéfín ń tú jáde nímú rẹ̀. "Ẹ má bínú, mà," ló wí, ó sì fi nǹkan ọwọ́ rẹ̀ pamọ́.

Látọjọ́ náà, kò síbi tí ìyá wọn ò sí: nínú ọkọ̀, lórí àtẹ̀gùn, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn tí kò séèyàn. Òkú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sin ń rìn kiri ìlú lẹ́nu àwọn ọmọ ọlọ́mọ.

Afimújẹun délé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú aṣọ ìmúròde, tó jókòó ṣinṣin, tó kọjú sí yàrá ọmọ náà.

"Rọra wọlé. Ìyá wa wà níbí."

"Àǹtí, ìyá wa wo?"

"Ìyá mélòó la ní? Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí wọ́n ti ń wá. Bọ́mọ ẹ bá ti tilé ìwé dé, wọn ò ní í pẹ́ dé. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn. Àbí mo ṣẹ̀ wọ́n ni?"

Òórùn náà ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Afimújẹun ṣí i. Ọmọ rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, èéfín funfun so rọ̀ lókè orí rẹ̀ bí aṣọ.

"Mọ́mì, kì í ṣe sìgá o. Òórùn lásán ni. Gbogbo kíláàsì wa ló ń mu ún." Ó wolẹ̀. "Tí mo bá fà á, ó máa ń dà bíi pé ẹnì kan gbé mi mọ́ra."

Afimújẹun ò lè jágbe mọ́ ọn. Ó gba nǹkan náà, ó sì fi òkúta fọ́ ọ lẹ́yìn ilé.

Ní ọjọ́ kejì, ó tọ ọ̀gá lọ. "Sà, ọmọ mi ń mu ún."

"A kì í tà á fọ́mọdé, mà. A kọ ọ́ sára páálí." Ẹ̀rín ẹnu rẹ̀ ò yẹ̀. Ó sún mọ́ ọn díẹ̀. "Ṣé òórùn yẹn wù ú?"

Obìnrin náà bọ́ ẹ̀wù funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó fi í sórí àga, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ilé ìfọṣọ kan ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí.

Ojú ọmọ náà rí màbo. Kò róorun sùn, ó ń kanra mọ́ gbogbo ayé, kó tó wá jáwọ́ níkẹyìn. Ti ẹ̀gbọ́n ló le jù. Wọ́n ṣàlàyé fún un dópin, ó fara balẹ̀ gbọ́.

"Ó yé mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹ ò bá ti jẹ́ kí n kọ́kọ́ dágbére fún wọn."

Títí dòní, bí ẹnì kan bá ń fa èéfín náà kọjá lábẹ́ fèrèsé wọn, Àǹtí á kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, á ní, "Ẹ káàbọ̀, mà." Afimújẹun a dìde lọ pa fèrèsé dé. Láwọn ọjọ́ mìíràn, kì í dìde.