Èsì tí Nọ́ọ̀sì Má-kánjú Fọ̀

Má-kánjú ni àwọn obìnrin ń pe nọ́ọ̀sì náà, nítorí bí ó bá ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀, ilẹ̀ lè ṣú bá ènìyàn níbẹ̀. Yàrá kékeré kan ní ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Ìjọba ilẹ̀ òkèèrè kan ló ń fi oògùn ránṣẹ́, wọ́n sì ní àdéhùn: obìnrin fúnra rẹ̀ ni yóò yan èyí tó wù ú. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fipá mú un tàbí fi ẹ̀bùn fa ojú rẹ̀ mọ́ra, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ iye obìnrin tí òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ mú wá.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn bu ọwọ́ lùwé àdéhùn náà. Àmọ́ nígbà tó yá, ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan máa rí ọgbọ̀n obìnrin lóṣù, kí obìnrin tó bá sì gbà máa gbé ike ìpọnmi kan lọ sílé.

Lọ́jọ́ kan, télọ̀ kan mú ìyàwó rẹ̀ wá. Ọkọ ló ń dáhùn gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì ń bi obìnrin náà. Má-kánjú ní kí ọkọ lọ jókòó níta, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó, ìwọ fúnra ẹ ńkọ́, kí lo fẹ́?"

"Ẹ má bínú, Mà. Ike yẹn ni bàbá ọmọ mi torí ẹ̀ mú mi wá. Èmi ṣì fẹ́ bí ọ̀kan sí i."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu nọ́ọ̀sì, ó gbé e mì. Ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Ní ìparí oṣù, ọ̀gá pè é. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ ń fà wá sẹ́yìn. Mọ́kànlá péré?"

"Ọ̀gá, mọ́kànlá ló fẹ́."

Kò pẹ́ tí àwọn aṣojú ìjọba òkèèrè náà fi dé. Wọ́n bi Má-kánjú bóyá àwọn obìnrin ń gba ẹ̀bùn. Ó mọ̀ pé bí òun bá jẹ́wọ́, oògùn lè dúró. Ó mí kanlẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Oògùn dúró lóòótọ́, ó di oṣù mẹ́rin. Àwọn tí abẹ́rẹ́ wọn tó gbà bá kọ́bọ́ọ̀dù lófìfo. Olùkọ́ kan lára wọn, tó ti bí ọmọ márùn-ún, lóyún. Ó wá jókòó síwájú Má-kánjú.

"Òótọ́ yín dáa, Mà. Àmọ́ inú tèmi ni oyún wà."

Nọ́ọ̀sì bi í níbi tí ilé rẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń lọ yẹ olùkọ́ náà wò nílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Nígbà tí oògùn padà dé, wọ́n ti gbé ọ̀gá lọ síbòmíràn. Oṣù olùkọ́ náà pé. Má-kánjú ló gbẹ̀bí rẹ̀. Obìnrin lọmọ, ohùn rẹ̀ sì ròkè. Ìyá rẹ̀ wò ó títí, ó ní òun ò lè sọ pé òun ò fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ òun.

"Mo gbọ́," ni nọ́ọ̀sì wí, ó sì gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ìyá lè sùn.