Ohun Tí À Ń Retí

Ẹ bi ògbufọ̀ ilé ìwòsàn wa ní ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì èyíkéyìí, á ti tú u kí ẹ tó ṣẹ́jú. Àwa nọ́ọ̀sì sọ ọ́ ní Ẹlẹ́nu Méjì, òun náà a sì bá wa rẹ́rìn-ín. Láti kékeré ló ti ń gbufọ̀ fún ìyá rẹ̀ ní báńkì àti lọ́dọ̀ lọ́ọ̀yà, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ṣúgà díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kíkorò.

Wọ́n gbé bàbá kan tó ń tún aago ṣe wọlé, kò lè lajú. Dókítà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé "hope" wà pé yóò jí. Kò sọ pé "expect". Ẹni tó bá lo "expect" ti rí ohun tó gbójú lé. Ẹni tó bá lo "hope", ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ló ń sọ. Àmọ́ "retí" tiwa gba méjèèjì.

"Mà, wọ́n ní àwọn ń retí kí bàbá jí," ni Ẹlẹ́nu Méjì tú u fún ìyàwó bàbá.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló pe ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní òkèèrè: "Má wulẹ̀ sáré wá. Wọ́n ti ń retí kí bàbá ẹ jí. Tó bá jí, wàá bá a sọ̀rọ̀."

Ẹlẹ́nu Méjì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kó dá sí i, kò dá sí i. Ẹyin lọ̀rọ̀, inú mi sì ń bí sí i dòní.

Bàbá kò jí. Nígbà tí ọmọ yóò fi dé, ẹlòmíì ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì náà.

"Ta ló ní wọ́n ń retí kó jí?" ni ọmọ fi ìbínú béèrè. "Dókítà lóun ò ṣèlérí kankan!"

Ìyá di ọwọ́ Ẹlẹ́nu Méjì mú. "Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Èdè òyìnbó le. Àṣìṣe ni."

Ó kù díẹ̀ kí Ẹlẹ́nu Méjì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀bi ò jẹ́ kó gbà.

"Kì í ṣe àṣìṣe, mà. Mo mọ̀ pé kò dájú. Mi ò kàn fẹ́ kẹ́ ẹ sunkún lójú mi ni."

Ìyá rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Ǹ bá kúkú sunkún ọ̀hún," ó ní, "kọ́mọ mi bá bàbá ẹ̀ láàyè."