Ṣílè Mẹ́wàá Tí Bàbá Fún Mi Kó Tó Lọ sí Mẹ́kà

Ọjọ́ Jímọ̀ ni, lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, bí a ṣe sálámà ìrun Àláásárì tán. Mo ń wá bàtà mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí nígbà tí ọmọ ọ̀gá mi àtijọ́ dì mí lápá mú.

“Àáfà kékeré, owó wa ńkọ́?”

Mo rò pé àwàdà ni, mo sì rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

“Owó oṣù tí Bàbá san fún ẹ kẹ́yìn ju bó ṣe yẹ lọ. Ṣílè mẹ́wàá ló lé. Bí mi ò bá rí i gbà kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ tó pé, iwájú Àlíkálí la ti máa pàdé.”

Ó mọ ibi tó ń dùn mí. Ọjọ́ Àtìní tó tẹ̀lé Jímọ̀ náà ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ Àlíkálí, adájọ́ ìlú. Àwọn òyìnbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàkóso ìlú wa ti ní kí wọ́n máa kọ gbogbo ẹjọ́ sílẹ̀, èmi sì ni wọ́n yàn nínú àwa tí a jọ ka Àlùkùránì parí, tí a jọ ṣe wọ̀límọ̀. Ta ló máa fi ẹni tí wọ́n ń bá ṣẹjọ́ owó sídìí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ọdún méjì ni mo fi bá Bàbá ṣiṣẹ́. Obì àti awọ ló ń tà. Èmi ni mo ń fi Lárúbáwá kọ iye ẹrù tó wọ ọkọ̀ rélùwéè. Nígbà tó fẹ́ lọ sí Mẹ́kà, ó ṣe bí gbogbo ẹni tó ń rin ìrìn-àjò yẹn ṣe ń ṣe ní Ìlọrin: ó san gbèsè, ó sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá a ṣe nǹkan pọ̀. Nígbà tó kàn mí, ó kó owó sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ìka mi dé.

“Gbà á. Dárí jì mí, ọmọ mi.”

“Mo ti dárí jì yín, Bàbá.”

Ó yíjú sí ẹlòmíràn. Ilé ni mo ti tú owó náà kà. Ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni, bẹ́ẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni owó oṣù mi. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, mo ti wà lójú ọ̀nà ilé rẹ̀ láti béèrè. Wọ́n ní ó ti lọ sí ibùdókọ̀ rélùwéè. Mo sáré débẹ̀. Ọkọ̀ Kánò ti lọ.

“Sàráà ni,” ni ìyá mi wí. Ó fi owó tó lé náà ra koríko bẹẹrẹ tí a fi bo òrùlé lọ́wọ́ àwọn ará Òkè-Òyi, torí òjò ti ń wọlé sí wa lórí.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí ọmọ Bàbá fún mi, mi ò lè jókòó sójú kan. Bàbá lè ṣe sàráà lóòótọ́. Mo ti rí i tó ń ṣe é. Ó sì ti dá owó oṣù mi dúró rí, bóyá ìyẹn ló ń tọrọ àforíjì lé lórí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ó sì lè ṣi owó kà. Mo lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́, mi ò sì rí èyí tó borí ìyókù. Mo ń jẹun, mo ń dìde nídìí oúnjẹ. Mo ń lọ síbi rélùwéè lọ bá àwọn tó ti Kánò dé, kò sí ẹni tó rí i.

“Ìwọ ọmọ yìí, jókòó!” ìyá mi pariwo. “Ẹsẹ̀ rẹ ti fẹ́ gbẹ́ kòtò sílé mi.”

“Ìyá, bí kì í bá ṣe sàráà ńkọ́?”

“Bó bá jẹ́ sàráà ńkọ́?”

Lọ́jọ́ Àlàmísì, tí Jímọ̀ ku ọ̀la, mo gbé ara mi lọ sọ́dọ̀ Àlíkálí kí ẹlòmíràn tó gbé mi lọ. Ìyá mi tẹ̀lé mi. Àlíkálí ránṣẹ́ pe ọmọ Bàbá.

“Èmi ni mo ka owó oṣù rẹ̀,” ọmọ Bàbá wí. “Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo kà. Bàbá wá ki ọwọ́ bọ àpò kejì, ó fi kún un. Owó àwọn oníbàárà wa ló wà nínú àpò yẹn.”

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ àpò kejì rí.

“Ta ló rí i?” Àlíkálí béèrè.

“Èmi nìkan ni.”

Àlíkálí kọjú sí mi. “Kò ní ẹlẹ́rìí, ìbúra di tìẹ nìyẹn. Gbé ọwọ́ lé Àlùkùránì, sọ pé Bàbá fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kí o máa lọ sílé.”

“Búra, ọmọ mi, kí a lọ!” ìyá mi wí láti ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Mo gbé ọwọ́ lé e. Mo gbé e kúrò.

“Mi ò mọ̀, Àlíkálí. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá ni pé kí n gbà á, kí n sì dárí ji òun.”

“Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ?”

“Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó yí ìbúra náà sọ́dọ̀ ọmọ Bàbá. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ìyẹn fi búra, ni owó náà bá di gbèsè sí mi lọ́rùn.

“Hàà! Ó kéwú, kéwú, ó kéwú débi tí kò lè búra mọ́!” ìyá mi figbe ta.

Àlíkálí dúró kí ẹ̀rín rọlẹ̀. “Ṣé o ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Àtìní?”

“Mò ń bọ̀, Àlíkálí.”

“Tètè dé o. Gbèsè ara rẹ lo máa kọ́kọ́ kọ.”

Díẹ̀díẹ̀ ni mo fi owó iṣẹ́ mi san án. Láàárín ìgbà náà, ìròyìn Bàbá kò yé wọlé. Ẹnìkan ní àìsàn dá a dúró ní Kánò. Òmíràn ní ó ti kọjá Bọ̀rnú, òmíràn ní wọ́n ti sin ín sójú ọ̀nà. Mo bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá ojú wọn ló rí i. Ẹnu ẹlòmíràn ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ.

Èyí tí mo lè jẹ́rìí sí ni pé láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Rájábù, mo fi ṣílè tó kẹ́yìn lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ níwájú ilé wọn. Ó fi eyín gé e wò, ó ní ó pé, ó sì wọlé.