Ọ̀wẹ̀ Tí Mo Fi Fóònù Pè

Ní Manigri, ìlú wa, ẹsẹ̀ ni a fi ń pe ọ̀wẹ̀. Tí ebè iṣu bá ju agbára rẹ lọ, wàá jáde nírọ̀lẹ́, wàá máa wọ ilé kan bọ́ sí òmíràn, wàá jókòó, wàá béèrè àlàáfíà àgbà àti ọmọdé, kí o tó dá ọjọ́ tí wọn yóò gbé ọkọ́ wá. Ìyàwó mi ló máa ń rán mi létí ẹni tí mo bá gbàgbé. Láti ìgbà tó ti kú, tí àwọn ọmọ sì wà ní Kùtọnú, n kì í fẹ́ wọ ilé onílé mọ́. Wọ́n á máa wò mí tàánú-tàánú, ó sì máa ń bí mi nínú.

Fóònù kì í wo èèyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló fi mí sínú gúrúùpù Wasáàpù àwa àgbẹ̀. Ó wúlò, n kò ní purọ́. Nígbà ìkórè kajú, mo ya àwòrán àwọn àpò kajú mi síbẹ̀, ọkọ̀ oníṣòwò kan sì gbéra láti Bassila wá kó wọn lẹ́nu ọ̀nà mi. Mo wá ronú pé ohun tó lè pe ọkọ̀ láti Bassila, ṣé kò ní lè pe aládùúgbò ni?

Lọ́dún yìí, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, tí ilẹ̀ sì fẹ́ máa le, mo gbé fóònù sẹ́nu, mo sọ ọ́ sínú gúrúùpù náà: "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun, ẹ wá bá mi kọ ebè lọ́jọ́ Àbámẹ́ta." Kíá, èsì ń wọlé. Àwòrán àtàǹpàkò lórí àwòrán àtàǹpàkò. "Àmín." "Ọlọ́run á fún wa lókun." Ẹnì kan tilẹ̀ fi àwòrán ọkọ́ ránṣẹ́. Inú mi dùn débi pé mo ń ṣí i wò léraléra.

Nígbà tí ọjọ́ pé, àbúrò ìyàwó mi wá gún iyán, ó fi wàrà Fúlàní se ọbẹ̀. Èmi ti ṣíwájú lọ sóko. Mo kọ ebè, mo wo ọ̀nà. Mo tún kọ, mo tún wò. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo jókòó sábẹ́ igi kajú, mo sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Ó dùn mí dọ́kàn. Ewúrẹ́ ló jẹ iyán náà.

Lọ́jọ́ kejì, ẹni tí mo kọ́kọ́ pàdé ní, "Ẹ kú iṣẹ́ àná o! Mo rò pé èèyàn ti pọ̀ níbẹ̀ ni, àwọn tó dáhùn ò kéré." Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn rò. N kò wá ẹnikẹ́ni délé, torí náà ọ̀rọ̀ náà kò wọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ sílé, mo yà kí bàbá arúgbó tí ògiri kan péré pààlà èmi pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá yìí kò ní fóònù. Agbára rẹ̀ kò ju ebè díẹ̀ lọ mọ́, àmọ́ kò pa ọ̀wẹ̀ mi jẹ rí.

"Mo gbọ́ ìró odó nílé rẹ lánàá, mo mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀wẹ̀ ni," ó ní. "Mo wọ aṣọ oko, mo gbé ọkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó síbí. Mo ní bóyá ilé mìíràn lo kọ́kọ́ yà sí. Mo jókòó títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó wá."

"Èmi ńkọ́?" ó ní. "Èmi ń bẹ níbí."